Ẹ Tọ Ẹ̀kán Omi Lẹ́yìn: Bí Ẹ̀kọ́ Kíndìnrín Ṣe Lè Yé Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

Ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tí a ṣe lórí kíndìnrín àti ọ̀nà ìtọ̀, mo fìdí rẹmi. Kì í ṣe pé mi ò kàwé. Mo ti há gbogbo orúkọ sórí, láti cortex dé medulla, láti glomerulus dé collecting duct, mo lè kà wọ́n bí ẹni ń ki oríkì. Ìbéèrè tó wá nílẹ̀ ni pé: ẹni tí kò mu omi láti àárọ̀, kí ló dé tí ìtọ̀ rẹ̀ fi máa ń pọ́n, tí kì í sì í pọ̀? Mo kọ ADH, èròjà tí ọpọlọ ń tú jáde láti darí omi ara, sílẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí, ó tán. Ibi tí omi ti ń jáde, ibi tó ń wọ̀ sí, ohun tó ń fà á, n kò mọ ọ̀kankan.

Ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ilé wa ní Ìkòròdú ni mo lò ó sí, lójú ọ̀nà Ìgbógbó, ní ẹ̀yìnkùlé tí ìyá mi ti ń sẹ́ ògì tó ń tà ní Sábó. Ibẹ̀ ni mo ti tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti yé mi. Ohun tí mo rí ni pé kíndìnrín kì í ṣe ohun à-há-sórí. Ìrìn àjò omi ni. Ẹ mú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí yóò fi padà sínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó bọ́ sílẹ̀ bí ìtọ̀. Orúkọ á máa wá fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọjá ibùdó kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ra kíndìnrín lọ́jà kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé

Ẹ lọ sí ìsọ̀ alápatà láàárọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn tó ń se oúnjẹ tà tó kó inú ẹran lọ tán. Ẹ ra kíndìnrín ewúrẹ́ kan àti ti màlúù kan. Ẹ bẹ alápatà kó má ya ọ̀rá tó bò ó dà nù, kó má sì gé okùn tó so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrú. Ọ̀rá yẹn wà lára ẹ̀kọ́: òun ni tìmùtìmù tí kíndìnrín fi ń jókòó. Okùn yẹn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì àti ureter, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà lọ sí àpòòtọ̀.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra méjèèjì ni pé wọn ò jọra, ìyàtọ̀ wọn á sì kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ tí àwòrán inú ìwé kò lè kọ́ yín. Ti màlúù rí gúlúgúlú lára, bí ìgbà tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú náílọ́ọ̀nù kan tí wọ́n dì í pinpin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọmọ ènìyàn rí nígbà tó wà nínú ìyá rẹ̀; lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i ló máa ń dán. Ti ewúrẹ́ dán lóde bíi ti àgbàlagbà ènìyàn, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá là á, ṣóńṣó kan ṣoṣo lẹ máa rí nínú rẹ̀. Ti ènìyàn máa ń ní tó 8 sí 18, àwọn tí ìwé ń pè ní pyramid. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá kọ̀ ọ́ lè ra ti ẹlẹ́dẹ̀, torí òun ló sún mọ́ ti ènìyàn jù: òde rẹ̀ dán, inú rẹ̀ ní ṣóńṣó púpọ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù sórí tábìlì. Abẹ tuntun ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya ọ̀rá kúrò díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi èékánná gbé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo kíndìnrín gan-an, á ṣí bí ìgbà tí a ń bó ẹ̀pà sísè. Ẹ wá gbé e dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ là á láti ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí róbótó bọ̀ wá síhà ibi tó tẹ̀ wọnú, bí ẹni ń la ẹ̀wà sí méjì. Ẹ má là á já tán. Ẹ ṣí i bí ìwé.

Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ibi tó wà lóde, tó rí wẹ́wẹ́, ni cortex. Ibi tó wà nínú, tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, ni medulla. Ìlà wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ọ̀nà omi ni wọ́n. Nígbà tí mo rí wọn, tí àbúrò mi obìnrin ń bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i nítorí pé iná ti lọ, ni mo kọ́kọ́ gbà pé lóòótọ́ ni omi ń rìn nínú ẹran ara yìí. Ẹ fa omi sínú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sínú ureter, ẹ rọra tì í. Ẹ ó rí ibi tí omi á jáde sí láàárín. Ibẹ̀ ni renal pelvis, àpò tí ìtọ̀ ń kóra jọ sí kó tó wọ ureter.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti tábìlì, kẹ́ ẹ sì ri ẹran náà mọ́lẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dì í dáadáa kó tó wọ inú ìdọ̀tí. Ajá àdúgbò ò gbọdọ̀ fà á kiri.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá a lára ènìyàn

Èyí kò gba àkókò. Ẹ bẹ ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kó kọ ẹ̀yìn sí yín. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà kejìlá, èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yìn ni kíndìnrín wà, lẹ́yìn awọ tó wé ìfun, láti nǹkan bí egungun ẹ̀yìn T12 dé L3. Ti ọ̀tún rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ díẹ̀ nítorí ẹ̀dọ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11, ó sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 150. Àwọn méjèèjì pọ̀, wọn ò tó ìdá kan nínú 200 ìwọ̀n ẹni tó wọn kílò 70. Síbẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbà kọjá. Ẹ ronú sí ìyẹn kẹ́ ẹ tó lọ síwájú. Ara kì í gbé ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbì kan torí pé ibẹ̀ ń jẹun. Ó gbé e lọ kí wọ́n lè bá a fọ̀ ọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń sẹ́ ògì

Bí kò bá sí ẹni tó ń sẹ́ ògì nílé yín, ẹ wá a lọ sí àdúgbò. Ẹ má fi ìgbésẹ̀ yìí ṣeré.

Ìyá mi máa ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò gbé e lọ lọ̀, yóò wá so aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu bàsíà. Ó ń bu àgbàdo lílọ̀ lé aṣọ náà, ó ń da omi sí i, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rò ó yíká. Omi funfun ń ṣàn sínú bàsíà, èèrí ń ṣẹ́ kù sórí aṣọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú glomerulus nìyẹn, asẹ́ kékeré tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé mi lórí itan, mo kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni aṣọ. Omi, iyọ̀, ṣúgà àti èérí ara tí wọ́n ń pè ní urea ń já a kọjá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti albumin, èròjà amáradàgbà tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, ni èèrí. Wọ́n ń ṣẹ́ kù. Ìpele mẹ́ta ni aṣọ yìí ní: ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ní ihò wẹ́wẹ́, awọ tó wà láàárín, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ podocyte, tí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ àárín ara wọn. Aṣọ náà tún ní agbára iná tó ń lé albumin sẹ́yìn, torí agbára kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì.

Ìkejì ni ọwọ́ ìyá mi. Bó bá gbé ọwọ́ kúrò, omi á máa kán tó, tó, tó. Bó bá tẹ̀ ẹ́, omi á ya. Agbára ọwọ́ yẹn ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nínú glomerulus, nǹkan bí 60 mmHg. Nǹkan méjì ń bá a jà: èèrí tó fẹ́ di omi mú, ìyẹn albumin tó ń fa omi padà pẹ̀lú 32, àti omi tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń ti èyí tó ń bọ̀ sókè pẹ̀lú 18. Ẹ yọ 32 àti 18 kúrò nínú 60. Ó ku 10. Mẹ́wàá péré yìí ló ń sẹ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, ẹ ti mọ ìdí tí ìtọ̀ rẹ̀ fi máa dáwọ́ dúró.

Ìkẹta: nígbà kan, bàsíà kún títí omi fi kan ìdí aṣọ. Ìyá mi ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ mọ́. Ó ní láti da bàsíà náà sínú korobá kó tó lè tẹ̀ síwájú. Mo sáré kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá àgbà tí nǹkan di ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, tí ìtọ̀ kò lè jáde, asẹ́ rẹ̀ lè dá ṣáṣá kó má sì ṣiṣẹ́, torí ìsàlẹ̀ ti kún.

Ìkẹrin ni aṣọ tó ya. Bí aṣọ bá ya, èèrí á wọ inú ògì. Ìtọ̀ tó ń hó gùgù bí ọṣẹ, tí ìhó rẹ̀ kò sì tètè kú, lè jẹ́ albumin tó gba ojú aṣọ tó ya kọjá.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kíndìnrín kò ti jọ ògì mọ́, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Nínú ògì, ohun tó kọjá la ń fẹ́. Nínú kíndìnrín, ohun tó kọjá náà ni ara tún ń sáré kó padà. Mílílítà 125 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú 1,440 tó wà nínú ọjọ́ kan sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ lítà 180. Mo lọ to kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje sí ẹ̀gbẹ́ kànga wa, ó ṣì ku lítà márùn-ún. Mo gbé ìgò omi kan tó gba lítà kan ààbọ̀ tì wọ́n: ìyẹn ni ìtọ̀ ọjọ́ kan. Mo dúró wò wọ́n pẹ́. Omi tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an, tí a bá yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò, kò ju nǹkan bíi lítà mẹ́ta lọ. Ó túmọ̀ sí pé ìgbà 60 lóòjọ́ la ń sẹ́ ẹ, tí a sì ń gbà á padà. Gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìdáhùn sí ìbéèrè kan ni: ta ló kó kẹ́ẹ̀gì méje padà?

Proximal tubule, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi kọ́kọ́ ń wọ̀ bó bá ti kúrò nínú asẹ́, ló kó èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí ìpín 65 nínú 100 omi àti iyọ̀, àti gbogbo ṣúgà. Àfi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 180 mg/dl ni àwọn tó ń kó o kò ní lè kó o tán mọ́, tí ìyókù á bá ìtọ̀ jáde, á sì fa omi tẹ̀ lé ara rẹ̀. Àwọn baba wa tó rí eèrà tó ń ṣù bo ojú ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, tí wọ́n sì mọ̀ pé àìsàn ni, ibí ni wọ́n ń wò láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi kóró àgbàdo ṣe loop of Henle

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ń kú sí. Jakob Henle, ará Jámánì, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1862, ìyẹn ọ̀nà omi tó sọ̀ kalẹ̀ sínú medulla tó tún ṣẹ́rí gòkè padà, ogún ọdún lẹ́yìn tí William Bowman ti ṣàpèjúwe àpò tó wé mọ́ glomerulus ní 1842. Ó ràn mí lọ́wọ́ láti mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n, pé wọ́n jókòó tẹjú mọ́ ọn bí èmi náà ṣe jókòó.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa òpó mẹ́ta sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí òpó kọ̀ọ̀kan ní àpótí mẹ́rin látòkè dé ìsàlẹ̀. Òpó òsì ni ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Òpó ọ̀tún ni ọ̀nà tó ń gòkè. Àárín ni ẹran medulla tó wà láàárín wọn. Kóró àgbàdo kan dúró fún 100 mOsm, ìyẹn bí omi ṣe níyọ̀ tó. Ẹ fi kóró mẹ́ta sínú gbogbo àpótí méjèèjìlá.

Òfin mẹ́ta péré ló wà. Ọ̀nà tó ń gòkè ń ti iyọ̀ jáde sí àárín, kò sì jẹ́ kí omi tẹ̀ lé e. Agbára rẹ̀ ni kí àárín fi kóró méjì ju òun lọ. Ọ̀nà tó ń sọ̀ ń jẹ́ kí omi jáde sí àárín títí iyọ̀ rẹ̀ á fi le tó ti àárín. Lẹ́yìn náà, omi tuntun ń wọlé láti òkè, ó ń ti ti iwájú lọ.

Ó yá. Ẹ mú kóró kan kúrò nínú àpótí ọ̀tún kọ̀ọ̀kan sí àárín: ọ̀tún di méjì, àárín di mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí òsì náà di mẹ́rin. Kóró tí ẹ fi kún un kì í ṣe iyọ̀ tó wọlé. Omi ló jáde tí èyí tó kù fi le. Ẹ wá ti omi síwájú ní àpótí méjì: méjì tó wà lókè ní òsì di mẹ́ta-mẹ́ta torí omi tuntun ni, méjì tó wà nísàlẹ̀ ní òsì jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, méjì tó wà nísàlẹ̀ ní ọ̀tún náà di mẹ́rin-mẹ́rin torí ọ̀dọ̀ òsì ni wọ́n ti wá. Ẹ tún ti iyọ̀ jáde. Níbi ìsàlẹ̀, ọ̀tún di mẹ́ta, àárín di márùn-ún. Ẹ rí i? Ìsàlẹ̀ ti ń le ju òkè lọ. Ẹ máa bá a lọ. Bẹ́ ẹ bá ṣe é títí, ìsàlẹ̀ á dé 1,200, nígbà tí òkè ṣì wà ní 300. Nínú ara ènìyàn, urea máa ń kún un níbẹ̀ kó tó lè dé iye yẹn.

Ìgbà kẹta tí mo ṣe é ni orí mi ṣí. Àgbàdo ìyá mi ni mo lò, ó sì bá mi ka kóró náà lẹ́ẹ̀kan láìbi mí pé kí ló wà fún.

Nísinsìnyí, ẹ fa ìlà kan tó sọ̀ kalẹ̀ gba àárín medulla kọjá. Collecting duct nìyẹn, ọ̀nà tó kẹ́yìn tí omi ń gbà kó tó di ìtọ̀. Ògiri rẹ̀ ti pa. ADH ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí omi ara bá ti dínkù, ọpọlọ á tú ADH jáde, ilẹ̀kùn omi á ṣí lára ògiri náà, omi á sáré jáde lọ sí ibi tí iyọ̀ ti le, ìtọ̀ tó kù á kéré, á pọ́n. Bí omi bá pọ̀ lára, ADH á dínkù, ilẹ̀kùn á tì, omi á gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe wà. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nìyẹn, kò gba ju ìlà mẹ́ta lọ. Ògógóró náà máa ń dá ADH dúró, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu ún fi ń tọ̀ léraléra tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ fi àwọn oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀ sí ibi tó yẹ lórí àwòrán yín, ẹ má há a sọ́tọ̀. Furosemide ń dí ẹnu àwọn tó ń ti iyọ̀ jáde ní ọ̀nà tó ń gòkè. Bí wọn ò bá ti iyọ̀, àárín ò ní le. Bí àárín ò bá le, kò sóhun tó máa fa omi padà, aláìsàn á tọ̀ púpọ̀. Thiazide ń ṣiṣẹ́ níwájú díẹ̀, ní distal tubule, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé ọ̀nà tó ń gòkè. Spironolactone wà níwájú sí i, ó ń dí aldosterone, èròjà tó ń mú kí ara di iyọ̀ mú, lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ara yín wò ó

Ẹni tí ara rẹ̀ le ló lè ṣe èyí o. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín kò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ tọ̀ tán láàárọ̀, ẹ tọ́jú díẹ̀ sínú ife. Ẹ mu omi lítà kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tọ̀ sínú ife tí ẹ ti sàmì sí, ẹ kọ iye àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ti ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ kì í pọ̀. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù, tí á funfun bí omi kànga. Lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, á máa pọ́n padà. Ẹ to àwọn ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. ADH lẹ ń wò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tẹ̀ lé e dé ìta

Ureter gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ibi mẹ́ta ló ti fún: níbi tó ti kúrò lára kíndìnrín, níbi tó ti gun orí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kọjá ní ẹnu ìbàdí, àti níbi tó ti wọ àpòòtọ̀. Òkúta kíndìnrín máa ń há sí ọ̀kan nínú wọn. Lára obìnrin, ó tún gba abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ kọjá, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gba abẹ́ afárá. Ẹ fi sọ́kàn dáadáa, torí oníṣẹ́ abẹ tó ń yọ ilé ọmọ lè di ureter pọ̀ mọ́ iṣan yẹn. Ọ̀nà tó kẹ́yìn, láti àpòòtọ̀ bọ́ síta, ti ọkùnrin gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ti obìnrin kò ju bíi mẹ́rin lọ. Kòkòrò kò ní pẹ́ rìn kó tó dé àpòòtọ̀ obìnrin.

Ti àpòòtọ̀, inú ọkọ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ní Máìlì 12, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí mò ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ sí Ìkòròdú. Bí ìtọ̀ bá ti dé nǹkan bíi mílílítà 150 sí 250 la máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ọ̀pá ẹ̀yìn, S2 dé S4, ń sọ fún àpòòtọ̀ pé kó fún ara rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣan pudendal, èyí tí àwa fúnra wa ń darí, ń di ilẹ̀kùn ìta mú títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀. Àpòòtọ̀ lè gbà tó 400 sí 500. Ẹ ka iṣan wọ̀nyí lọ́jọ́ tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ ò ní gbàgbé wọn láé.

Ìgbésẹ̀ keje: ìṣirò kan

Clearance, ìyẹn iye omi ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín fọ ohun kan kúrò nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kò le. Ẹ fi bí ohun náà ṣe pọ̀ nínú ìtọ̀ sọ iye ìtọ̀ ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi bó ṣe pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pín in. Ká ní ẹnì kan tọ mílílítà 1,440 lọ́jọ́ kan, ìyẹn ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú kan. Creatinine, èérí ara kan tí kíndìnrín ń kó jáde, jẹ́ 120 mg/dl nínú ìtọ̀ rẹ̀, ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ 1.2. Ó jẹ́ mílílítà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá di 4.8 tí ohun tó kù kò yí padà, ó ti já sí 25. Ẹ ṣe mẹ́wàá irú rẹ̀, ó tó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tó kàn

Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Àbúrò bàbá mi kan ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, apẹja ni láti kékeré. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà fún ọdún pípẹ́, kì í lo oògùn rẹ̀ déédéé. Nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún látàrí wíwa ọkọ̀ àti fífa àwọ̀n, ó máa ń ra oògùn ara ríro ní ilé olóògùn, ó sì ń lò ó lójoojúmọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Dókítà wa, kí ni kíndìnrín yìí ń ṣe gan-an?" Mo la ẹnu, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kún un. Ojú tì mí, ó sì dùn mí.

Lẹ́yìn ìsinmi yẹn, mo padà lọ bá a. A jókòó sídìí àwọ̀n rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo ojú àwọ̀n yín. Kíndìnrín ní irú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí omi àti ẹja wẹ́wẹ́ lọ, tó ń di ẹja ńlá mú. Bí ìṣàn omi bá le jù lójoojúmọ́, kí ló ń ṣe àwọ̀n?" Ó ní, "Á máa ya." Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìṣàn omi yẹn. Ẹja ńlá tó ń bọ́ lọ ni ìtọ̀ yín tó ń hó. Òun ló yẹ kó máa fa omi mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe ń lọ, tí iyọ̀ náà kò sì jáde tó, omi ń jò sí ẹsẹ̀. Mo sọ ti oògùn ara ríro fún un: ibuprofen àti diclofenac ń dá ohun tó ń la ẹnu iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú asẹ́ dúró, iṣan náà á fún, ọwọ́ tó ń tẹ ògì á gbé sókè. Ó fi ọwọ́ kan ibi tí àwọ̀n ti ya, ó mi orí, ó ní ẹnì kan kò sọ ọ́ fún òun báyìí rí. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí. Ì bá wù mí kí n ti mọ̀ ọ́n sọ ṣáájú.

Nítorí náà, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn wa ń lò. Àtọ̀gbẹ ni àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Àtọ̀sí yàtọ̀ sí àtọ̀sí ajá: ti àkọ́kọ́ ń ti ara ìbálòpọ̀ wá, ti èkejì ń ti inú omi tí ìgbín kan ń gbé wá, ẹ̀jẹ̀ ló sì máa ń bá ìtọ̀ jáde nínú rẹ̀, pàápàá lára ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò. Ẹni tó bá ní "kíndìnrín ń dùn mí" tó gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ẹ fara balẹ̀ bi í, torí iṣan ẹ̀yìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àrùn kíndìnrín gan-an kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá tààrà: ní 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé oríṣi jíìnì APOL1 kan, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ń fi kún ewu àrùn kíndìnrín fún ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Jíìnì kan náà ló ń gbógun ti kòkòrò tó ń fa àìsàn oorun. Ẹ máa wọn ìfúnpá àwọn ará ilé yín, ẹ máa ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò ẹnu

Ẹ má ka ohun tuntun. Ẹ mú bébà funfun kan, ẹ ya nephron kan, ìyẹn asẹ́ kan pẹ̀lú ọ̀nà omi tó so mọ́ ọn, láìwo ìwé, ẹ kọ ohun tó ń jáde àti ohun tó ń wọlé sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹni tó pàṣẹ rẹ̀, oògùn tó ń dí i lọ́wọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró, ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lọ kà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sùn.

Bí olùdánwò bá gbé kíndìnrín kan lé yín lọ́wọ́ pé ti ọ̀tún ni àbí ti òsì, ẹ má dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá ureter, ẹ jẹ́ kó kọjú sílẹ̀. Ẹ wo àwọn tó wà lẹ́nu ihò: iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde ló wà níwájú, èyí tó ń gbé e wọlé tẹ̀ lé e, ọ̀nà ìtọ̀ ló wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ yí i kí ọ̀nà ìtọ̀ kọjú sí àyà yín, kẹ́ ẹ wá gbé e síwájú ara yín bí ẹni pé tiyín ni. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí àárín ara. Bó bá kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ti òsì ni.